Okùn Tuntun Lára Béèsì Ọ̀gbun

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ tí Ìpìlẹ̀, àgbà onígìtá, fẹ́ wá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, Ọ̀gbun yà sí ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe láti gba gìtá rẹ̀, ó sì bá a tó ń dán.

Bó bá jẹ́ pé ara igi ló ń dán ni, kò ní dùn ún. Okùn ni ó ń dán, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n nà gbọnrangandan lórí ọrùn gìtá náà, wọ́n ń kọ mànà bí ìgò tí oòrùn mú. Ọ̀gbun dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ò tí ì kúrò lára ilẹ̀kùn.

"Wọlé, jàre," ni alátùn-únṣe wí. Òun àti Ọ̀gbun ti jọ ń bọ̀ láti ilé ìwé, wọn kì í pe ara wọn ní ọ̀gá àfi tí wọ́n bá fẹ́ bú ara wọn. "Ihò tí wáyà ń wọ̀ ló ti yẹ̀. Mo ti fi òjé lẹ̀ ẹ́ padà. Kò ní máa pariwo mọ́."

"Kí ló wà lára gìtá mi yìí?"

"Ẹ̀bùn ni." Alátùn-únṣe ń fi àkísà nu ọwọ́, ẹ̀rín sì kún ojú rẹ̀. "Ọdún mẹ́rin ni mo ti gbé okùn yẹn pamọ́, mo ní ó di ọjọ́ iṣẹ́ gidi. Bí Ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ bá máa wá gbọ́ ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi ò ní gbé ìpẹtà lọ pàdé rẹ̀. Má wulẹ̀ dúpẹ́."

Ọ̀gbun ò dúpẹ́.

"Ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ìdọ̀tí yẹn? Mo ti fi ẹ̀mú gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Tí èèyàn bá dà á nù lódindi, ó máa ń gún àwọn tó ń kó pàǹtí lọ́wọ́." Ó fi ẹnu júwe bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ tábìlì.

Ọ̀gbun kúnlẹ̀, ó kó ọwọ́ bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Okùn rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti di gígé-gígé tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó dúdú, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó mú ọ̀kan sókè, ó gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà ló gbà pé èyí tó ti kú ti kú.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níbí, kí á sọ irú ẹni tí Ọ̀gbun jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn bèèrè kó tó sọ ọ́. Béèsì ni ó ń ta: gìtá olókùn mẹ́rin tó nípọn, tí ohùn rẹ̀ ń rìn nísàlẹ̀ orin, tí àwọn tó ń jó kì í kíyè sí àfi ìgbà tó bá dákẹ́. Iṣẹ́ ẹni tí wọn kì í kíyè sí ni, Ọ̀gbun sì fẹ́ràn kí wọ́n máa kíyè sí òun. Ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó ń jẹ́ yẹn pàápàá, òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní ohùn òun jìn bí ọ̀gbun. Ọdún méjì gbáko ló fi dá pe ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá a pè é.

Àwòrán mẹ́ta ló wà lára ògiri yàrá rẹ̀. Ọ̀kan ni ti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àtàǹpàkò, nítorí pé ìka kan ṣoṣo yẹn ló fi ń ṣe ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń fi mẹ́rin ṣe. Ìkejì ni ti Ẹlẹ́sẹ̀-Ológbò, tí èèyàn kì í gbọ́ ìgbà tó bá wọ inú orin. Èyí tó wà láàárín, tó sì tóbi ju méjèèjì lọ, ni ti Ìpìlẹ̀. Gbogbo ohun tí Ọ̀gbun mọ̀ nípa ohùn béèsì, ara Ìpìlẹ̀ ló ti jí i. Ohùn bàbá yẹn kì í ké. Ó máa ń dún *dùm*, bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá fi ìrọ̀rùn jókòó sórí àga tìmùtìmù.

Ọdún méjìlá sẹ́yìn, Ọ̀gbun kà á nínú ìwé ìròyìn pé Ìpìlẹ̀ kò pààrọ̀ okùn rẹ̀ láti ìgbà tó ti kó dé ilé tó ń gbé. Ẹni tó kọ ọ́ fi kún un pé ó jọ pé òógùn ọwọ́ àti ọ̀rá tó ti wọ inú okùn náà ló fún ohùn bàbá ní adùn. Ọ̀gbun gé ojú ìwé yẹn, ó sì ṣe é ní òfin. Láti ọjọ́ náà, kò pààrọ̀ okùn mọ́. Kò nù ún. Kì í fọ ọwọ́ kó tó ta gìtá, ìgbà mìíràn sì wà tó máa ń dìídì jẹ ẹyin díndín kó tó gbé e. Okùn náà ṣú, ó ki, ó dákẹ́, ó wá ń dún *dùm*. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi í léèrè ibi tó ti rí ohùn, á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Inú ìka ló wà. Ẹ ò lè rí i rà." Ó sọ ọ́ títí ó fi jọ òótọ́ létí gbogbo èèyàn, àfi létí ẹni tó ń sọ ọ́.

Ní báyìí, ọwọ́ ọ̀tún Ìpìlẹ̀ ti ń le, ó sì ń wá ẹni tí yóò jókòó sí ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀. Ó ní òun á wá gbọ́ Ọ̀gbun ní aago mẹ́rin. Ọ̀gbun ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń tọ́jú bébà àti yíǹkì. Ojú ìwé mẹ́ta ni lẹ́tà náà, méjì nínú rẹ̀ sì dá lórí ohun tí orin jẹ́ fún ọmọ ènìyàn. Ọ̀gá rẹ̀ kà á tán, ó ní, "Ẹ má gbàgbé láti dá kọ́kọ́rọ́ padà."

"Fi wáyà sí i, jẹ́ ká gbọ́ ọ," ni alátùn-únṣe wí.

Ọ̀gbun fi wáyà sí i. Ó ta okùn tó nípọn jù.

*Gáńn.*

Ó dún bí ṣíbí tó já bọ́ sórí táìlì. Ohùn náà mọ́, ó mú, kò sì tètè kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀gbun wá ń gbọ́ àwọn nǹkan mìíràn: ìró ìka rẹ̀ tó ń yọ̀ gba orí okùn, èékánná rẹ̀ tó ń ha irin, àti nígbàkígbà tó bá fi ìka kékeré ọwọ́ òsì tẹ okùn, ariwo kékeré kan báyìí, *sísísí*, bí eṣinṣin tó há sínú páálí ìṣáná.

Alátùn-únṣe na ọrùn. "Kí ni ìka kékeré ẹ yẹn ń ṣe?"

"Èwo?"

"Èyí tó ń kùn yẹn."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Mi ò gbọ́ ọ rí o."

Ọ̀gbun náà ò gbọ́ ọ rí. Ọdún méjìlá ni ìka yẹn ti ń ṣe ohun tó wù ú lábẹ́ ìdọ̀tí. Ó gbé gìtá náà sínú àpò, ó sì jáde láì kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ó dàbọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wà nílé. Ilé ìwòsàn eyín ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló máa ń ran dókítà lọ́wọ́, tó sì ń fọ gbogbo irin tí wọ́n bá ti kì bọ ẹnu èèyàn. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé, tó sì fa gìtá yọ nínú àpò.

"Kí ló máa ń jẹ́ kí irin tètè dọ̀tí?" ni Ọ̀gbun bi í.

"Èmi lò ń bi? Wọ́n ń sanwó fún mi kí irin má baà dọ̀tí ni."

"Mo mọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé o mọ ohun tó máa ń gbà ọ́ ní àkókò jù láti fọ̀ kúrò."

Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo gìtá tó ń dán. Ó yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí obìnrin náà ti ń gbé pẹ̀lú okùn yẹn láti ọdún mẹ́sàn-án. "Ta ló ṣe bẹ́ẹ̀? Kí n lọ dì mọ́ ọn."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ọkọ mi. Ohun tí mo máa ń rí lára okùn yẹn, bí mo bá rí i lẹ́nu èèyàn, màá ní kó jókòó kí n lọ pe dókítà."

Ọ̀gbun ti wọ ilé ìdáná. Ó gbé bọ́tà jáde, ó fi ìka bù ú, ó bẹ̀rẹ̀ sí pa okùn kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, tìṣọ́ratìṣọ́ra, bí ẹni tó ń fi òróró pa ọmọ ìkókó. Ó ta á wò. *Gáńn.* Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ báyìí. Ìka rẹ̀ ń yọ̀ láti ibì kan dé òmíràn lórí ọrùn gìtá, kò sì lè dúró sí ibi tó fẹ́. Ó fi àkísà nù ún. Ó din ẹyin méjì, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó fi ọwọ́ náà ra okùn. *Gáńn.* Ó gé fóòmù kúrò lára ìrọ̀rí àga, ó fi há abẹ́ okùn nítòsí ibi tí wọ́n so wọ́n mọ́. Ohùn náà rẹlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìka kékeré yẹn ṣì ń kùn.

Ìyàwó rẹ̀ ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an?"

"Ohùn mi ti lọ."

"Ó lọ síbo?"

Ibo ni yóò ní ó lọ? Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì? Èyí ni ohun tó ń bà á lẹ́rù, kò sì lè sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni: pé bóyá kò sí ohun kan tó ń jẹ́ ohùn Ọ̀gbun. Pé ọdún méjìlá ni okùn ìdọ̀tí kan fi ń ta béèsì, tí ọkùnrin kan sì ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ń tẹríba fún ìyìn.

"Wọ ẹ̀wù mìíràn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bọ́tà ti kún èyí."

Yàrá tí ẹgbẹ́ Ọ̀gbun ti máa ń gbaradì wà lókè ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Páálí ẹyin ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀ kí ariwo má baà jáde, ariwo àwọn onítáyà sì ń wọlé bó ṣe wù ú. Ó dé ibẹ̀ ní aago méjì. Ó tan ampilifáyà rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, èyí tó ga dé èjìká rẹ̀, tí èèyàn mẹ́ta ń gbé. Ó to àpótí márùn-ún sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀, àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn padà. Ó fi ọ̀kan rọ ohùn náà, ó fi èkejì mú un sanra, ó fi ẹ̀kẹta bo ohun tí èkejì ṣe. Ó yí bọ́tìnì ohùn tó wà lára gìtá títí tí kò fi lè yí mọ́, kí gbogbo ohun tó mú lè pa rẹ́. Nígbà tó ta á, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó sàn jù. Àmọ́ bó bá gbé ìka kékeré lé okùn, yóò gbọ́ ọ.

Ó jókòó, ó tún dìde. Ó lọ tọ̀, ó padà, ó tún fẹ́ lọ. Nígbà tó di aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó fa fóònù yọ. Yóò sọ pé ibà ń ṣe òun. Kò tilẹ̀ ní jẹ́ irọ́, ara rẹ̀ ń gbóná lóòótọ́. Ó tẹ nọ́ńbà Ìpìlẹ̀, ó gbé e sétí.

Ó gbọ́ ọ tó ń dún lórí àtẹ̀gùn.

Ó ń dún, ó sì ń gòkè bọ̀, ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ọ̀gbun kò lè pa fóònù náà. Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá kúkúrú kan tó gbẹ, tó wọ bàtà kánfáàsì, wọlé pẹ̀lú fóònù ní ọwọ́ òsì.

"Ìwọ lò ń pè mí? Mo ti dé. Ọkọ̀ tètè rìn."

"Ẹ káàbọ̀, sà." Ọ̀gbun dọ̀bálẹ̀.

Ìpìlẹ̀ wá ibi tó máa jókòó, ó fa kéréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ampilifáyà náà.

"Fíríìjì ni?"

"Ampilifáyà ni, sà."

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Fún ohùn ni, sà."

"Yọ wọ́n kúrò. Wáyà kan, láti ara gìtá sí ara rẹ̀. Tún rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. A ò pe àwọn onítáyà wá."

Ọ̀gbun yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ti ń yọ wọ́n ni ó ń dà bí ẹni tó ń bọ́ aṣọ níwájú dókítà. Ìpìlẹ̀ fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní kó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbun ta á. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń sá fún ìka kékeré yẹn, ó ń fi ìka òruka nà dé ibi tí kò yẹ kó nà dé, ohùn sì ń jáde wúyẹ́wúyẹ́ láti abẹ́ fóòmù.

Ẹsẹ̀ bàbá dúró.

"Ìwọ lò ń ta á ni, àbí nílé kejì?"

Ó dìde. Ó wá síwájú Ọ̀gbun, ó fi ìka méjì ọwọ́ òsì yọ fóòmù náà bí ẹni ń yọ egungun ẹja, ó jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí bọ́tìnì ohùn, ó sì yí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Ó gbé ìka rẹ̀ wò, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Bọ́tà?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe já bọ́ lẹ́nu Ọ̀gbun nìyẹn. "Bàbá, wọ́n ti bá mi pààrọ̀ okùn ni. Èmi kọ́. Kì í ṣe ohùn mi nìyí. Ọdún méjìlá ni mi ò fọwọ́ kàn án. Nítorí tiyín ni, sà."

"Nítorí tèmi báwo?"

"Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé láti ìgbà tí ẹ ti kó dé ilé tí ẹ̀ ń gbé, ẹ ò pààrọ̀ okùn."

Ìpìlẹ̀ nu ìka rẹ̀ sí ṣòkòtò. "Òótọ́ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọkùnrin náà. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí mo kó débẹ̀ nígbà yẹn, kò sì sí okùn nínú gbogbo ìgboro. Ó ká mi lára gan-an. Ó dún bí àpótí. Nígbà tí ọjà dé, méjì ni mo rà lójọ́ kan náà."

Nísàlẹ̀, àwọn onítáyà ń fi hámà lu irin. Ọ̀gbun gbọ́ gbogbo ìlù náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Ṣùgbọ́n ohùn yín, sà. *Dùm* yẹn."

"Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, tí mo sì ń gbé ọwọ́ kúrò lásìkò. Jókòó." Bàbá náà padà sórí kéréètì rẹ̀. "Mo gbọ́ orin tí o fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ọ. Ẹni tó ń lu dírọ́ọ̀mù yín mọ̀ ọ́n lù. Ìwọ, mi ò gbọ́ ọ. Mo kàn ń gbọ́ nǹkan tó dà bí ẹni ń wọ́ àga káàkiri nílé kejì. Ọmọ mi obìnrin ní kò sí béèsì nínú ẹ̀. Mo ní ó wà níbẹ̀. Mo wá wò ó bóyá èèyàn wà nídìí ẹ̀ ni."

Lára gbogbo ohun tí Ọ̀gbun ti bẹ̀rù láti àárọ̀, èyí ò sí nínú rẹ̀. Ó ti rò pé okùn ìdọ̀tí náà, ó kéré tán, ní ohùn tí èèyàn ń gbọ́.

"Tún un ṣe," ni Ìpìlẹ̀ wí. "Lo gbogbo ìka tí Ọlọ́run fún ẹ."

Ó tún un ṣe. Kò sí ibi tó lè fara pamọ́ sí. Gbogbo ìyọ̀ ìka, gbogbo híha èékánná, gbogbo ibi tó ti pẹ́ jù àti ibi tó ti yá jù, wọ́n jáde síta bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Nígbà tí ìka kékeré kan okùn, ó kùn, bàbá sì gbé ọwọ́ sókè.

"Ọrùn ọwọ́ ẹ ló tẹ̀ jù. Nà án. Fi ìka yẹn sún mọ́ irin ọrùn gìtá tó wà níwájú ẹ̀. Tún un ṣe."

*Sísísí.*

"Sún mọ́ ọn. Tún un ṣe."

*Sísísí.*

Ó tó ìgbà ogún. Ìka náà ń ro ó, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, kò sì jẹ́ nù ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn kan jáde, ẹyọ kan péré, tí kò kùn. Kì í ṣe *dùm*, kì í sì í ṣe *gáńn*. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, ó dúró ṣinṣin, ó sì ní ìwọ̀n ìkanra kan nínú. Kò jọ ti Ìpìlẹ̀ rárá. Kò jọ ti ẹnikẹ́ni lára ògiri. Ọ̀gbun gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn bí ẹni tí iná jó.

"Èyí ni mo wá gbọ́," ni Ìpìlẹ̀ wí. "Kò tí ì dára. Mi ò lè gbé e jókòó níwájú èèyàn báyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Máa wá sílé mi ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ní kí ẹgbẹ́ tó lọ gba orin tuntun sílẹ̀. Bí ìka yẹn bá gbọ́ràn, o ó bá wa lọ. Bí kò bá gbọ́ràn, màá pe ẹlòmíràn, mi ò sì ní tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ní gbangba, níwájú ẹni tó ń gbọ́ ohun gbogbo.

"Ẹ̀rù ń bà ẹ́?" ni bàbá béèrè.

"Ó ń bà mí, sà."

"Ó hàn lọ́wọ́ ẹ. Ó ń jẹ́ kí o sáré." Ìpìlẹ̀ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí fi lu ilẹ̀, ó sì falẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Bá ẹsẹ̀ mi rìn. Má sáré mọ́."

Ọ̀gbun nu òógùn ojú rẹ̀ sí apá ẹ̀wù. Ó na ọrùn ọwọ́, ó gbé ìka kékeré náà sún mọ́ irin, ó sì dúró de ìlù ẹsẹ̀ tó kàn.